Nọ́ńbà Màmá Lọ́wọ́ Àjèjì

Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, tí ìyá ọkọ mi wọ tákábà, òun fúnra rẹ̀ ló fa fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní opó tó wà nínú ilé ọ̀fọ̀ kì í bá tọkùnrin-tobìnrin sọ̀rọ̀ kiri, kí n pa á. Mo pa á, mo fi ìborùn wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Nígbà tí tákábà parí, kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ń pe ọkọ mi, tàbí kó wá sílé wa ní Ṣàngó. Fóònù náà wà nínú àpótí fún ohun tó lé ní ọdún kan, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú wa.

Èmi ni mo máa ń gbé fóònù yẹn tẹ́lẹ̀. Màmá mọ kéú kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé òyìnbó. Bí fóònù bá dún, ìyàwó ilé ní í gbé e, á kí ẹni tó pè, kó tó gbé e fún Màmá. Èmi náà ni mo ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún un. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì kó bá mi nìyẹn.

Iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ sókè Ọya. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lábúlé níbi tí wọ́n ti ń dáko, kò wá rí ẹni tí yóò pè mọ́ àfi nọ́ńbà Màmá. Ó ní nọ́ńbà tèmi, ṣùgbọ́n èmi àti òun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó kó ọjà wá sí Ọjà-Ọba, ó sì yà sílé wa. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀dọ̀ Màmá ló kọjá sí.

"Màmá, ẹ bá mi bi ìyàwó yín, kín ni mo ṣe é? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè láti kí yín, òun ló ń gbé e. Mo ní, 'Ìyàwó, gbé e fún Màmá,' á ní mo ṣi nọ́ńbà pè, á sì pa á."

"Àǹtí, fóònù Màmá ò sí lọ́wọ́ mi," mo ní. "Inú àpótí ló wà láti ọjọ́ yìí wá."

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ṣé mi ò mọ ohùn rẹ ni?"

A ṣí àpótí. Fóònù náà wà nínú ìborùn, ó ti kú fin-ín fin-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ẹni tó mọ ibi tó ti mú un ò ní ṣàì mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Inú bí mi gan-an. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú; mo gbà pé ńṣe ló fẹ́ lé mi jáde kí àbúrò rẹ̀ lè fẹ́ ẹlòmíràn. Mo wo Màmá pé kó gbè mí. Ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Bí àlejò wa ti lọ tán, mo fi fóònù mi pe nọ́ńbà Màmá. Obìnrin kan gbé e, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ra síìmù yìí ní Challenge ni. Èmi kọ́ lẹ ń wá."

Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ jọ tèmi. Mo bi í ta ló rán an sí wa. Mo pè é ní gbájúẹ̀. Ó fara balẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní láti ìgbà tí òun ti rà á ni báńkì ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun lórúkọ ìyá kan tí òun ò mọ̀ rí. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó tí obìnrin tó máa ń pe nọ́ńbà yìí máa ń bú?"

Omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Ajé, mo mú Màmá lọ sí ọ́fíìsì àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní nọ́ńbà tí a ò bá lò pẹ́, àwọn á gbà á padà, àwọn á tà á fún ẹlòmíràn, tiwa sì ti lọ nìyẹn. A gba báńkì lọ láti yí i kúrò lórí àkáǹtì rẹ̀. Ọmọ báńkì tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní kóòdù ti lọ sórí nọ́ńbà àtijọ́, kí Màmá kà á fún òun kí òun lè mọ̀ pé Màmá ni lóòótọ́.

"Èmi rèé níwájú rẹ," Màmá ní. "Ẹni tí o ò rí lo wá ń bi bóyá èmi ni èmi?"

Mo pe obìnrin yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ló ka kóòdù náà fún mi, ó tún ní kí n bá òun kí Màmá. Ara tù mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ẹ̀rí mi ti dé.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sílé, Màmá yíjú sí mi.

"Ìyàwó," ó ní, "báwo ló ṣe jẹ́ tí obìnrin yẹn fi ń gbọ́ tìẹ bẹ́ẹ̀? Ibo lẹ ti mọra?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. Ó ní kò burú. Àwa tá a jẹ́ ìyàwó ilé sì mọ ohun tí "kò burú" ń jẹ́ lẹ́nu ìyá ọkọ.

Ó ti ní nọ́ńbà tuntun báyìí. Ìyàwó ilé kejì sí tiwa ló ń bá a ka àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe èmi mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó ń kírun Alásárì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù náà dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò sún mọ́ ọn. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Màmá sàlámà tán, ó kọ́kọ́ wo fóònù, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi.