Ẹ̀sáǹsì Lójú Ìbejì Mi

Ìyá mi ní kí n bọ́ ọ̀dà lára ìbejì mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́, kò pè é ní ọmọláńgidi rí. Ní Kétu ni èmi àti ẹnì kejì mi ti jọ wáyé. Òun kú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ikán jẹ ère onígi tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ fún un, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì ti kú, ni ìyá mi bá ra ọmọláńgidi oníke lọ́jà. Ara rẹ̀ pupa bíi ti òyìnbó. Ìyá mi ní dúdú ni ọmọ òun, ó gbé e fún bàbá kan tó ń kun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa, ìyẹn sì fi ọ̀dà kùn ún dúdú.

Nígbà tí a fi máa gba òmìnira, tí èmi náà ti di olùkọ́ ní Idigny, ọ̀dà yẹn ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ìyá mi fẹ́ kí wọ́n tún un kùn.

"Ìwọ lo mọ̀wé," ó ní, "bá mi bọ́ ti àtijọ́ kúrò. Rọra o, ọmọ ni."

Mo lọ bi bàbá akunkẹ̀kẹ́ léèrè. Ó ní, "Fi ọṣẹ dúdú rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, kí o wá fi kànìnkànìn rọra máa fọ̀ ọ́. Bí kò bá ṣí, tún un rẹ. Má jẹ́ kí ẹ̀sáǹsì kàn án o, ike kì í ṣe irin. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo dúpẹ́, mo sì kọ etí ikún sí i. Èmi odindi olùkọ́, kí ẹni tí kò mọ A máa kọ́ mi níṣẹ́?

Mo rẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó wákàtí méjì tí sùúrù mi fi tán. Ẹ̀sáǹsì, epo tí mo ń rọ sí alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì mi, wà nínú ìgò. Mo ta á sí àkísà, mo fi nu ojú rẹ̀. Ọ̀dà ṣí wàrà, inú mi dùn, mo tún nù ún. Ìgbà tí mo máa gbé àkísà kúrò, imú ti bá a lọ, ẹnu ti lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n.

Kí n má tún purọ́ níbí: ère yẹn máa ń tì mí lójú níwájú àwọn olùkọ́ tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di òní, mi ò lè búra pé ìkánjú nìkan ló ṣe mí.

Mo sọ fún ìyá mi pé oòrùn ló yọ́ ọ níbi tí mo sá a sí. Kò bá mi wí. Ó gbà á, ó fi ìka wá imú rẹ̀, ó wá a títí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ó ń bínú ni," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi wà lóko Odomèta, n kò wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó se ẹ̀wà ìkòkò ńlá láti fi bẹ̀ ẹ́, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò. Èmi tí mo kù láyé ló kọ́kọ́ bù fún. Ìyá mi, àgbàlagbà obìnrin, kúnlẹ̀ níwájú mi, ó gbé àwo lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi bẹ ẹnì kejì rẹ. Sọ fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀."

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo nu ẹnu, mo ní, "Ó ti gbọ́, Ìyá. Ó ní òun ti dárí jì yín."