Búta Àlùwàlá Bàbá Mi

Nítorí ooru ni mo ṣe ra bátìrì náà. Bàbá mi kì í sùn dáadáa bí fáànù ò bá yí, iná ìjọba ní Ìlọrà sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Gbígbẹ ni wọ́n tà á fún mi l'Ọ̀yọ́, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ásíìdì kékeré kan. Ẹni tó tà á ní òjé inú rẹ̀ àti ásíìdì yẹn ló máa ń bára wọn jà, ìjà wọn ló ń di iná. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi dà á. Mo fajú ro. Ṣé omi dídà náà ni mi ò mọ̀?

Nígbà tí mo délé, ihò bátìrì kéré, mi ò sì ní àrọ. Ojú mi lọ sára búta tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó bá ihò náà mu rẹ́gí. Mo da ásíìdì sínú búta, mo rọ ọ́ sí bátìrì títí ó fi kún, ó sì ṣẹ́ kù. Mo gbé búta pẹ̀lú ìyókù sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo wọlé lọ wá ọṣẹ tí n ó fi fọwọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì.

Mo gbọ́ tí àpótí ìjókòó bàbá mi dún lórí sìmẹ́ǹtì. Mo rántí búta. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà mí rí láyé mi.

"Bàbá! Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ dákun!"

Etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́. Kí n tó yọ sẹ́yìnkùlé, ó ti ń fọ ọwọ́, sìmẹ́ǹtì ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ẹnu, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ojú: òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó ti bu ti ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e bọ̀.

Mo gbá ọwọ́ náà. Búta fò lọ. Mo da korobá omi kànga lé e lọ́wọ́, mo tún fa òmíràn, mò ń sunkún bí ọmọdé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó bó díẹ̀.

"Kí ni mo ṣe tí o fi gbá mi lọ́wọ́?"

"Ásíìdì ni, Bàbá. Èmi ni mo dà á síbẹ̀."

Ó wo sìmẹ́ǹtì tó ń hó náà.

"Bu omi mìíràn wá. Ìrun ń lọ."

Fáànù ń yí báyìí. Mo ti ra búta tuntun. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e fún un, mo máa ń kọ́kọ́ bu omi inú rẹ̀ sẹ́nu wò. Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá èmi náà fẹ́ ṣe àlùwàlá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.