Òun Nìkan Pẹ̀lú Dróònù Rẹ̀

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ojú-Òkè. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà pápá ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá ní ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣàì rí i: obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó dúró gbagidi bí òpó iná, tó gbójú sókè, tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì wà lórí rìmóòtù. Ohun tó ń wò lókè náà kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Dróònù ni, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò gba èèyàn, tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin àti kámẹ́rà kan lábẹ́ ikùn. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní wojú ẹni tó kí i. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn.

Fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: aṣọ funfun kan tí wọ́n ta mọ́ ògiri, àpótí ìjókòó kan, iná méjì, àti ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò jáde. Yàrá tó ń sùn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà kì í pẹ́ níbẹ̀. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Ó parí. Wọ́n á gba fọ́tò pélébé wọn, wọ́n á máa lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé gbólóhùn méjì yẹn nìkan ló máa ti ẹnu rẹ̀ jáde láti àárọ̀ títí tó fi máa ti ilẹ̀kùn.

Kò bímọ, kò sì sí ọkọ nílé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó máa ń pè é lọ́jọọjọ́ Sunday. Àbúrò yìí ló fi dróònù àkọ́kọ́ ránṣẹ́ nígbà tí ìyá wọn ṣì wà láyé. Ìyá náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò lè dìde mọ́, ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé kò rí ìta. Báyìí ni Àǹtí Ojú-Òkè ṣe bẹ̀rẹ̀. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á gbé dróònù kọjá lórí òrùlé àwọn aládùúgbò, ìyá á sì máa wo ohun tí kámẹ́rà ń rí lójú fóònù tí wọ́n gbé ti ìrọ̀rí.

"Yà sọ́tùn-ún," ni ìyá máa ń wí. "Ìyẹn kọ́, ọ̀tún tèmi! Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló ń kọ́lé síbẹ̀ yẹn? Áà, wọ́n ti gé igi yẹn? Àwọn èèyàn yìí ò nítìjú rárá."

Wọ́n rìn kiri ìlú láì kúrò ní yàrá. Nígbà tí ìyá kú, ọmọ rẹ̀ dá dróònù padà sínú páálí, kò fọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó tún gbé e jáde, kò sẹ́ni tó ń ní kó yà sọ́tùn-ún mọ́. Ó ń wà á lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Dróònù àkọ́kọ́ bàjẹ́, ó ra òmíràn. Ìyẹn náà já sódò, ó tún ra òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́ ọn débi pé ó lè gbé e gba àárín ẹ̀ka igi méjì kọjá láìkan ewé.

Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ tó ń tún òrùlé àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ṣe rán èèyàn sí i. Ọ̀gá wọn ti rí fọ́tò odò kan lójú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó yà látòkè. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fi dróònù yẹ òrùlé wò fún wọn, kí òṣìṣẹ́ má bàa máa já bọ́ lórí àkàbà.

"Ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí o, mà," ni ìránṣẹ́ náà wí. "Òfin tuntun ni. Téèyàn bá ń fi ṣeré, kò sẹ́ni tó máa dà á láàmú púpọ̀. Bó bá ti di iṣẹ́, àfi kéèyàn ṣe ìdánwò."

"Ìdánwò kí ni? Ẹni tó ti ń rìn látọjọ́ yìí, ṣé wọ́n fẹ́ bi í bóyá ó lẹ́sẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́ lòun ṣòfin.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì bi í bóyá ó ti ń wa dróònù tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè bọ́ sí ìdánwò tààrà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì," ni akọ̀wé náà wí. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n wà ló máa ń fìdí rẹmi jù."

"Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyẹn," ni Àǹtí Ojú-Òkè dáhùn.

Ó ka ìwé òfin náà ní ṣọ́ọ̀bù láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ó sì yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó já. Ó wá ku ti orí pápá. Olùdánwò jẹ́ bàbá kan tí kì í pariwo. Ó ní kí òṣìṣẹ́bìnrin kan wá dúró ti Àǹtí.

"Ojú kejì yín nìyí," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀yin á máa wo ẹ̀rọ yín, òun á máa wo ìyókù ojú ọ̀run. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ sọ ọ́ síta kẹ́ ẹ tó ṣe é. Bó bá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dá a lóhùn."

Ó mi orí, ó gbé dróònù sókè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ò ṣe ségesège. Ó yí òbìrí, ó padà sẹ́yìn, ó dúró sójú kan bí ìgbà tí wọ́n so ó rọ̀. Ẹnu nìkan ni kò là.

"Ẹyẹ lápá òsì," ni ojú kejì wí. Kò dáhùn.

"Ọkọ̀ òfuurufú ń bọ̀! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Ó gbọ́ ọ, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ rédíò ilé kejì ló ṣe gbọ́ ọ. Ó parí òbìrí tó ń yí lọ́wọ́, ó wá sọ dróònù náà kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Mà, ọwọ́ yín dùn ún wò," ni olùdánwò wí. "Àmọ́ ká ní òótọ́ ni ọkọ̀ yẹn ń bọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọkọ̀ kankan lókè. Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, mà. Ẹ̀rọ yín lẹ̀ ń wò."

Òótọ́ ni, kò wo ibòmíràn lókè rárá. Báyìí ló ṣe fìdí rẹmi.

Nígbà tó délé, ó po tíì, tíì náà tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ pè, kò sọ fún un. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe pé ó já nínú ìdánwò, bí kò ṣe pé kò sẹ́nìkan nílé tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ó gba kíláàsì lọ. Yàrá kan ni, lókè ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà, àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni tó lè bí tán. Àgbàlagbà kan ṣoṣo tó kù ni káfíńtà kan tó fẹ́ máa ya àwòrán òrùlé tó bá kàn.

"Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó sẹ́yìn, Àǹtí," ni káfíńtà wí, "káwọn ọmọ yìí má bàa mọ̀ pé a ò ríran."

Kò sí òfin tí káfíńtà ò mọ̀ sórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí igi tó ń gé. Bó bá gbé dróònù sókè, ṣe ni ẹ̀rọ náà máa ń sá kiri bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Olùkọ́ wá so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ gbé máàpù ìlú sójú ògiri, ó fi àwọ̀ pupa kun ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé dróònù sí láìgba àṣẹ. Àǹtí wá ibi tí pápá ẹ̀yìn ilé ìwé wà lórí rẹ̀. Inú pupa ló wà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ilé ìwòsàn ń gbà sọ̀kalẹ̀ bó bá gbé ẹni tó fara pa. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí ariwo ńlá kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì bojú wẹ̀yìn. Káfíńtà fi ìgúnpá gún un pé, "Ibẹ̀ lẹ ti ń wa tiyín, àbí?" Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde sí pápá ìkẹ́kọ̀ọ́, káfíńtà ni ojú kejì rẹ̀.

"Àǹtí, ẹyẹ ń bọ̀ lápá òsì." Kẹ́kẹ́ pa. "Àǹtí! Ṣé wọ́n ti ẹnu yín pa ni? Ẹ sọ pé ẹ gbọ́. Ìyàwó mi náà kì í fẹ́ sọ pé òun gbọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú yín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, dróònù mì lókè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti dúró tì mí nídìí nǹkan yìí. Bí mo bá gbọ́ ohùn, ṣe ni mo máa ń tì í jìnnà, kí n má bàa…"

"Ta ló ń dúró tì yín tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá mi ni. Orí ibùsùn ló wà."

Káfíńtà mú ìṣó kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń yí i láàárín ìka. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò ní pariwo mọ́."

"Rárá, ẹ pariwo."

Láti ọjọ́ náà, ohùn àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gbọ́ jù lórí pápá. "Mò ń gbé e sókè." "Òkè mọ́." "Mò ń yà sọ́tùn-ún." "Òpó iná wà níwájú o." "Mo gbọ́." Bó bá kan káfíńtà, Àǹtí á di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí rìmóòtù, á ní kó rọra, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ìṣó. Ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, ó ya oníbàárà kan lẹ́nu nígbà tó gbọ́ tí Àǹtí sọ pé, "Aṣọ yín mà dára o," lẹ́yìn tó ní kó gbé àgbọ̀n sókè.

Àwọn méjèèjì yege. Lọ́jọ́ tí kíláàsì parí, wọ́n ní kí Àǹtí ya gbogbo wọn. Ó tò wọ́n, ó yà wọ́n dáadáa. Ìgbà tó tẹ fọ́tò náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù ló tó rí i pé òun ò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí.

Ilé iṣẹ́ òrùlé gbà á. Wọ́n fún un ní ojú kejì, ọkùnrin kan tó mọṣẹ́, tó ń dáhùn bó ṣe yẹ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ọkùnrin náà á gbé báàgì rẹ̀, á ní ó di ọ̀la.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kíláàsì yẹn tiẹ̀ wúlò fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà bíi tiyín?" ni àbúrò rẹ̀ bi í lórí fóònù.

"Ọwọ́ mi ò rí nǹkan púpọ̀ kọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi àti etí mi ló kọ́ ọ."

"Kí lẹ wí? Ohùn yín ń já."

"Mo ní ó wúlò."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ra ọsàn, ó mú ọ̀nà ilé káfíńtà pọ̀n, nítorí ọkùnrin náà ti sọ fún un kí wọ́n tó pínyà pé kó wá kí àwọn. Ó gbọ́ ariwo ọmọdé láti ojú títì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó fẹ́ padà. Ìyàwó káfíńtà ló ṣílẹ̀kùn láti da omi nù, ló bá rí i.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Èmi àti ọkọ yín la jọ kọ́ dróònù."

"Háà! Àǹtí tí kì í sọ̀rọ̀! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ó lọ kan òrùlé ní ìlú kejì, kò ní dé lónìí."

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn ọmọ ń ja ọsàn gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìyá wọn ń sọ̀rọ̀, òun náà ń fèsì. Ó sọ bí dróònù ṣe já sódò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde, ìyàwó káfíńtà sìn ín dé ìkóríta. Ọmọ kan pariwo "Màámi!" láti ẹ̀yìn, obìnrin náà ní, "Ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún wá o," ó sì sáré padà.

Ó dá ìyókù ọ̀nà rìn. Nígbà tó délé, ó tan iná, ó so bátìrì mọ́ iná fún iṣẹ́ ọjọ́ Monday, ó gé búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnìkan ń kọrin nílé kejì. Ó ṣí fèrèsé sí i, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.