Ojú-Ìwé Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Òórùn gbodo tó ń gbẹ lórí àpáta ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú nígbàkúgbà tí mo bá ṣí ìwé ìtàn, títí di òní. O lè má mọ òórùn yẹn bí kì í bá ṣe apá ọ̀dọ̀ wa lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wá sá lásìkò ọyẹ́, máa ń rùn díẹ̀ bí omi tó ti kan, díẹ̀ bí ìyẹ̀fun, díẹ̀ bí òkúta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni àpáta tiwa wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, igi máńgòrò kan sì wà létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rán èmi àti Àǹtí lọ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí a máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ kúrò nídìí gbodo.

Àǹtí ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Òun ti lọ sílé ọkọ, ó sì ti padà wá sílé. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè, nítorí inú mi dùn pé ó dé ju pé kí n máa wádìí ohun tó gbé e dé lọ. Ó ti kàwé tíṣà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Nínú ẹrù tó gbé bọ̀, ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìwé Yorùbá tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí ó wá fi bébà kàlẹ́ńdà bò. Bí a bá ti jókòó sábẹ́ máńgòrò, á gbé ọ̀pá kan lé itan fún àwọn ewúrẹ́, á ṣí ìwé náà, á sì máa kà á fún mi. Èmi náà lè kàwé, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ru omi gun òkè ni mo ṣe ń kà nígbà náà. Tirẹ̀ ń lọ geere, ìka rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn oníṣòwò pákó kan ni, ọkùnrin olówó tí àwọn ẹbí rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ jáde nílé. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kí n tó dàgbà, àfi orí kan. Nínú orí náà, ìyàwó tí wọ́n lé ra bàtà ọmọdé kan, bàtà pupa, ó wọ ọkọ̀, ó sì padà lọ sí ilé náà ní ọ̀sán gangan láti lọ fojú kan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ilé, ó ń pe obìnrin mìíràn ní màmá mi. Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Wá jẹun, ọkọ mi." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà kò kan ilẹ̀kùn. Ó gbé bàtà náà kalẹ̀, ó tò ó kí imú rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ilé, ó sì padà lọ wọ ọkọ̀. Mo rántí pé Àǹtí pa ìwé dé níbẹ̀, ó sì dìde lọ lé ewúrẹ́ kan tí èmi kò rí.

O mọ̀ mí. O mọ̀ pé ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ń sàmì sí ibi tí mo bá dé, pé ọbẹ̀ ti jóná lórí iná mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ojú-ìwé méjì tó kù, pé n kì í yá ènìyàn ní ìwé tí mo bá fẹ́ràn, ẹni tó bá fẹ́ kà á kó wá jókòó sílé mi. O sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́ lórí ìwé. N kò fẹ́ràn ìtàn tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣe wáàsí. N kò fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó bá kó ara rẹ̀ sínú wàhálà tán, tó wá ní àlá ni. Èyí tí mo kórìíra jù lọ ni èyí tí obìnrin bá ti kúrò nílé ọkọ, tí òǹkọ̀wé á sì wá nǹkan pa á kí ìwé tó parí. Gbogbo ìdájọ́ yìí, inú orí kan ṣoṣo yẹn ni mo ti kó o. Mo máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ni ẹni tó lè jẹ́ kí obìnrin gbé bàtà kalẹ̀ kó má kan ilẹ̀kùn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan ti yá a lọ́wọ́ Àǹtí kí n tó wọ ilé-ìwé gíga, kò dá a padà, n kò sì tún rí irú rẹ̀ níbì kankan.

Nígbà tí mo di olùkọ́ ìṣirò ní Ṣakí, mo bá ọkùnrin kan pàdé nínú yàrá àwọn olùkọ́ tí òun náà jẹ́ aláìsàn ìwé bíi tèmi. Bàólọ́jì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìkẹyìn ìwé ni ó máa ń kọ́kọ́ kà, bíírò pupa rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́, á fà á sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó bá ta kò ó. A máa ń jiyàn títí agogo á fi lù tí àwọn ọmọ á wá pè wá. Mo sọ ìtàn bàtà náà fún un tó ìgbà mẹ́ta, ó sì dá a lójú pé mo ń bù mọ́ ọn. Ó lọ sí Ìbàdàn nígbà ìsinmi kan, ó rí ìwé náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àwọn ìwé àlòkù, ó sì rà á.

Lọ́jọ́ Ajé tí a wọlé, ó gbé e lé tábìlì mi. Ó ní, "Màdáámù, mo ti kà á tán. Ibo ni bàtà wà?"

Mo rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, "Ẹ kò kà á dáadáa ni."

"Ìyàwó yẹn kú ní orí kẹfà. Àìsàn ló pa á. Ìlà méjì péré. Ọmọ tó fi sílẹ̀ gan-an, obìnrin ni."

Mo bínú sí i tayọ bó ṣe yẹ. Mo ní irú ọwọ́ tó ń fi bíírò ya ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohun tó kà. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì kúrò nídìí tábìlì mi. Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo sì kà á ní ọjọ́ méjì. Kò sí bàtà. Mo ka nọ́ńbà ojú-ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá èyí kan ti já, wọ́n pé. Mo ní bóyá wọ́n ti tún un tẹ̀ ni, mo wo iwájú rẹ̀, ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni. Mo wá ní bóyá inú ìwé mìíràn ni mo ti kà á, mo kó gbogbo ìwé mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń tú wọn, èyí tí mo mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ ogun ló wà nínú rẹ̀ pàápàá, mo tú u. Ìdààmú bá mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì lórí àwọn ìwé yòókù. Tí èyí tó dá mi lójú jù lọ kò bá sí, ta ló mọ iye ohun mìíràn tí mo ti ń jẹ́rìí sí tí ẹnikẹ́ni kò kọ?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán, ó ń ká ẹní rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, irun rẹ̀ ti funfun. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ imú.

"Ìwé yìí ṣì wà láyé?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orí tí ìyàwó náà ti gbé bàtà lọ fún ọmọ rẹ̀."

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, kò kánjú. Ó ní, "Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Mo ti wá a lẹ́ẹ̀mẹrin, mà. Kò sí níbẹ̀."

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà fún ọ." Ó pa á dé. "Ó dáa, sọ èyí tí o rántí, kí n gbọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọkọ̀, mo sọ ohùn ọmọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé ibi tó ti gbé bàtà pupa náà kalẹ̀, ó mi orí.

"Kò pupa."

"Mà?"

"Bàtà yẹn kò pupa. Búlúù ni. Èyí tó pupa tí mo rí lọ́jà, kò sí nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Òun ló tún sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Obìnrin tó ń tọ́ ọ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi kà á fún mi bí ẹni pé inú ìwé ló wà?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ìwọ lo béèrè. O ní kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí màmá ọmọ náà. Ìwé ní ó kú. Ṣé kí n sọ fún ọ pé ó kú ni, nígbà tí mo jókòó tì ọ́?"

Mo béèrè ibi tí ọmọ náà wà báyìí. Ó ní ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ó máa ń pe òun lórí fóònù bí ọdún bá dé. "Àǹtí ló ń pè mí," ó ní, "bíi tìrẹ." Ó wá dìde, ó ní kí n wá jẹun, pé ebi ti lè máa pa mí láti Ṣakí.

Mo jẹun. N kò mọ ohun tí mo jẹ. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi padà, ohun tó ń yí po lọ́kàn mi kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ náà nìkan. Mo rántí ìka rẹ̀ lórí ìlà. Mo rí i dájú, ìka náà ń rìn láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà lábẹ́ ìka yẹn lọ́jọ́ náà? Bí ó bá sì jẹ́ pé búlúù ló sọ, ta ló kun bàtà náà ní pupa? Èmi ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. A jẹ́ pé èmi náà ti fọwọ́ kan ìtàn ọ̀hún, láìmọ̀, mo sì tún ń bínú sí ẹni tó ní kò sí nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé mo bá tíṣà bàólọ́jì nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jàre. Ẹ má bínú. Mo ti lọ bi Àǹtí mi tó kà á fún mi. Kò sí níbẹ̀."

"Kí ni Àǹtí yín wí?"

"Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé ni àwọn kà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà yìí náà! Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti sọ, nítorí náà n kò sọ ọ́ fún un, ìwọ náà sì mọ̀ pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ọ.

Mo ṣì ń kàwé bí mo ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti béèrè pé irú ìwé wo ló dára, èmi tí mo máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, mo máa ń dúró díẹ̀ báyìí, n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù tí mo kà rí, n kò kà á. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń yin ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, pé ó mọ̀wé kọ, pé ó mọ inú obìnrin, nítorí ohun tí ojú ẹni tó jókòó tì mí ti rí.