Àmì Tí Ìka Bàbá Kò Mọ̀

Òórùn gúlúù gbígbóná ni mo fi ń rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe fóònù fún àwọn tí kò ríran. Yàrá kan ni mo gbà ní Kétu, lókè ilé ìtajà bàtà, mo sì gbà nígbà náà pé kò sí ohun tí orí mi ò lè gbé. Màá fi táwẹ́ẹ̀lì di ojú mi, màá wá bọ́tìnnì kàn, màá pe ìyá mi, wọ́n á sì gbé e. Ìyẹn ti tó fún mi láti sọ pé mo mọ bí ojú fífọ́ ṣe ń rí. Lẹ́yìn náà, màá tú táwẹ́ẹ̀lì, màá lọ jẹun.

Àǹtí kan tó ń ránṣọ ní Ìkòsì ló wá bá mi. Àgbóyì ni àwọn òbí wọn ń gbé, létí omi. Apẹja ni bàbá wọn kí àìsàn tó gba ojú méjèèjì. Màmá wọn ló wá di ojú fún bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá fínra. Ohun tí àǹtí ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: bí nǹkan bá ṣe màmá, kí bàbá lè fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo pe àwọn, kí àwọn lè tètè pe ọlọ́kọ̀ ojú omi tí àwọn mọ̀.

Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Mo kán gúlúù sórí bọ́tìnnì àárín, kò tóbi ju ẹyọ ọkà bàbà lọ, mo sì rò pé ó dára ní wíwò. (Fún ẹni tí kò ríran, ẹ gbà mí!) Ohùn ara mi ni mo gbà sínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ èyí tó tọ́, yóò ní, “Mò ń pe ọmọ yín.” Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un tẹ̀.” Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò.

Nígbà tí èmi àti àǹtí dé Àgbóyì, mo dọ̀bálẹ̀, bàbá sì fọwọ́ wá orí mi kàn, wọ́n súre fún mi. Ọwọ́ wọn le bí èèpo igi. Mo kíyè sí i, n kò sì ro nǹkan kan sí i. Mo di ìka wọn mú, mo gbé e lé orí àmì náà, mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù sọ̀rọ̀, ti àǹtí dún lọ́wọ́ wọn, màmá sì pàtẹ́wọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá wọ́n mọ àmì náà lára.

“Ó dáa gan-an, ọmọ mi. O kú iṣẹ́.”

Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ? Èmi náà ti jẹ ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù nílé onílé, mo sì ti sọ fún wọn pé ó dùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lọ sílé bí èsì ìdánwò.

Kò pé oṣù mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti lọ wa yanrìn, màmá ṣubú nídìí ààrò. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n mú fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, wọ́n rákò dé etí omi, wọ́n ń kígbe, kí ẹnì kan tó gbọ́. Màmá ò bá wọn dé ọsibítù.

Ẹ̀rù bà mí láti lọ kí wọn, ṣùgbọ́n mo lọ. Bàbá ò bínú. Ohùn wọn rọ̀.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fa okùn àwọ̀n, ọmọ mi. Ìka mi ò mọ nǹkan kékeré lára mọ́. Mo ti mọ̀ látọjọ́ tó o gbé e wá. Mi ò kàn fẹ́ kí ojú tì ẹ́.”

Mo bú sẹ́kún. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú ló tún wá ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún mọ́. Wọ́n fún mi ní fóònù náà padà, nínú ọ̀rá dúdú kan.

Iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe. Bọ́tìnnì mi ti ga bí ìdérí ìgò báyìí, n kì í sì í di ìka ẹnikẹ́ni mú mọ́. N kì í béèrè bóyá ó dára. Màá gbé e lé wọn lọ́wọ́, màá dákẹ́, màá máa wo ọwọ́ wọn. Bàbá ti kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí ní Ìkòsì, wọ́n sì ń fi èyí tí mo tún ṣe fún wọn pe àwọn ọmọ ọmọ. Wọ́n máa ń gbàdúrà fún mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Fóònù àkọ́kọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá gba iná sí i, màá dijú, màá tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, kí n lè gbọ́ ohun tí bàbá ń gbọ́ ní gbogbo ọ̀sán yẹn tí màmá wà nílẹ̀. Ohùn mi ni, ohùn ọ̀dọ́kùnrin tí inú rẹ̀ ń dùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un tẹ̀.”