Ìwádìí Ilé Báyọ́lọ́jì

Ìyá ọkọ mi ni ó bi mí léèrè bóyá wèrè wà nínú ìran Kẹ́mísìrì. Orí àpótí ni ó jókòó sí lẹ́yìn ilé wa ní Ìlá, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ìwé ni Kẹ́mísìrì. Kò ní ìran." Ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní bí kò bá ní ìran, èyí tilẹ̀ tún burú jù, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìran?

Ọkọ mi ni ó fà á. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a bí, ikọ́ fée sì ń bá a jà láti kékeré. Eruku ilé ìwé àti ọyẹ́ pa pọ̀, wọ́n ń dí i láyà débi pé a yọ ọ́ kúrò, mo sì ń kọ́ ọ nínú pálọ̀ wa. Tíṣà Bíbélì ni mí tẹ́lẹ̀. Títí dé ìparí ìwé kẹta girama, mo tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àmọ́ nígbà tí ó kan àtimú iṣẹ́ tí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde, ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì ni òun fẹ́: Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, pàápàá Báyọ́lọ́jì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Báyọ́lọ́jì. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun láyà. Gbogbo ohun tí èmi mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì kò ju pé Ọlọ́run ni ó dá a.

A rí olùkọ́ kan tí yóò máa wá sílé kọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ Ajé ni òun yóò wá gbọ́ iṣẹ́ tí a mú, nítorí àwọn mìíràn ti ń fà á. Ìgbà náà ni ọkọ mi, tí kì í ra bàtà láìkọ́kọ́ fi lọ ìyá rẹ̀, ní kí a jẹ́ kí Ìyá gbọ́ sí i. Mo ṣẹ́jú sí i títí, kò rí mi.

Ìyá bèèrè pé títí di ìgbà wo ni ọmọ yóò bá àwọn nǹkan wọ̀nyí gbé. Ọkọ mi ní ọdún mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá sì gbà á, títí ayé.

"Títí ayé?" Ìyá gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ fi ọmọ fún nǹkan títí ayé, ẹ ò wádìí ilé ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìwádìí kì í ṣe eré ní ilé ọkọ mi. Bí ọmọbìnrin bá mú ọkùnrin wálé, àwọn àgbà á kọ́kọ́ lọ fẹ̀sọ̀ bèèrè ní ìlú rẹ̀: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé olè wà níbẹ̀, ṣé ìyàwó máa ń gbélé wọn pẹ́. Wọ́n wádìí èmi náà débi pé wọ́n mọ ẹni tó jí ewúrẹ́ nínú ìran mi, ẹni tí èmi fúnra mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá wé gèlè tí ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ní kí n tẹ̀ lé òun, mo mọ̀ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Òkè-Ìlá ni a kọ́kọ́ lọ, Ìyá lórí ọ̀kadà kan, èmi lórí èkejì. Olùkọ́ Kẹ́mísìrì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó gbà wá lálejò. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, Ìyá bi í tààrà nípa wèrè. Ojú tì mí, mo ń wo àjà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò bínú. Ó rò ó títí, ó ní, "Ìyá, n kò ní purọ́ fún yín. Ó wà díẹ̀." Ó ní ẹnìkan wà láàárín àwọn tí àwọn jọ kẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá wà nínú ìgò ni yóò gbóòórùn kí ó tó ka orúkọ rẹ̀. Ìpéǹpéjú olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ kò pé, apá kan ti jóná tipẹ́. Ìyá tẹjú mọ́ ọn, ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń na ìyàwó. Ó ní rárá o.

"Ó máa ń bínú," Ìyá wí fún mi nígbà tí a jáde, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà. A gbà á."

Ti Físíìsì kò jìnnà. Pásítọ̀ kan ní àdúgbò wa ni ó kà á ní yunifásítì. Ó ní láti ìgbà náà, ibi kan ṣoṣo tí òun ti lò ó ni ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá pásítọ̀ náà, tí wọ́n jọ ń gbé, ni ó bu omi wá fún wa. Kí a tó mu omi náà tán, Físíìsì ti yege.

Ó wá ku Báyọ́lọ́jì. Wọ́n júwe obìnrin kan fún wa ní Ọ̀rà, àgbẹ̀ kòkó. Ọmọ rẹ̀ ka Báyọ́lọ́jì, ó di nọ́ọ̀sì, ó lọ sí òkè òkun. Ó kọ́ ilé alárà fún ìyá rẹ̀, ilé náà ń dán, kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀ àfi òun nìkan. Obìnrin náà yin ọmọ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó mú fóònù jáde, ó fi ọmọ kékeré kan hàn wá. "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn. Ó ti ń rìn. Inú ibí yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n." Ó ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè pè.

Ìyá kò bèèrè wèrè, kò bèèrè olè. Ó dìde, ó dì mọ́ obìnrin náà. Nígbà tí a délé, ó ní kí a lọ sọ fún Báyọ́lọ́jì pé a ò fún un lọ́mọ.

"Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Gbọ́mọgbọ́mọ ni."

Inú bí mi gan-an. Mo wọ ilé ìdáná, mo ń la ìkòkò mọ́ra. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i, wọ́n ti wádìí." Ó kù díẹ̀ kí n ju ṣíbí lù ú. Ọjọ́ Ajé ti ń bọ̀ lọ́la, ọmọ mi sì kàn ń wo ilẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ikọ́ náà tún gbé e. Ìyá fi òrí pa á láyà bí ó ti máa ń ṣe, títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá àgbà, àna lẹ rí. Ẹ ò tíì rí ọkọ fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá kí yín."

Ó lọ gbé ìwé Báyọ́lọ́jì tí a yá lọ́wọ́ olùkọ́, ó ṣí i sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Àwòrán pupa kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀ka bí igi.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀dọ̀fóró ni. Òun lẹ fi òrí pa láti ìta lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é nínú."

"Ṣé eléyìí mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Ìyá àgbà."

Ìyá wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, tòun ti òrí, ó ń rọra pa á. Ìwé oníwèé! Mo lanu, ọmọ mi sì di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ," Ìyá sọ fún ìwé náà, "ọmọ wa rèé. Àyà ẹ̀ ò le. Bí o bá mú un lọ síbi tó jìnnà, jẹ́ kó máa pè mí." Ó dẹ etí sí i, ó ń retí èsì.

Ọmọ mi ki ohùn bí ọkùnrin. "Mo gbọ́, Ìyá. Á máa pè yín."

"Ó dáa," ni Ìyá wí. Ó pa ìwé dé, ó ní kí n lọ se oúnjẹ fún àna.

Olùkọ́ náà ń wá títí di òní. Ojú ewé ẹ̀dọ̀fóró ń dán, ènìyàn lè rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú. Nígbàkúùgbà tí ọmọ mi bá sì ṣí ìwé Báyọ́lọ́jì, kí ó tó ka ohunkóhun, á kígbe láti pálọ̀, "Ìyá àgbà, mo pè yín o!" Ìyá á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́ báyìí. Bí kò bá dáhùn, ọmọ náà á fi ìwé sílẹ̀, á dìde, á lọ wò ó.