Tábìlì Tí A Kàn Sínú Yàrá Bàbá Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú yàrá kan ní Àpòmù, láyé ológun, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí yunifásítì máa ń wà ní títì ju bó ṣe ń wà ní ṣíṣí lọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Bàbá mi fẹ́ kí n kàwé, ṣùgbọ́n kíláàsì kejì ní modern school ni mo ti sá. Mo ní ìwé kò wọ̀ mí lórí. Irọ́ ni, ẹgba tíṣà ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Gàní, ó dáa." "Ó dáa" yẹn dùn mí ju ẹgba lọ!

Nígbà tí Bàbá kú, inú yàrá wọn la sin wọ́n sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. A fi sìmẹ́ǹtì bo sàréè, a ti ilẹ̀kùn. Fún ọdún mẹ́jọ, mi ò wọ ibẹ̀. Bí àwọn ááfà bá wá ṣe àdúà ọdọọdún, èmi máa ń jókòó síta ni, mo ní mò ń ṣọ́ bàtà.

Rísíkà, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló kù kó parí, ni wọ́n bá ti ilé-ìwé, wọ́n ní kí gbogbo wọn kó kúrò ní họ́sítẹ̀lì. Yàrá kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìkirè pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Níbo ni yóò tẹ́ ìwé tó gùn ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sí? Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, á tún ọdún yẹn kà.

Ó bá wá sọ́dọ̀ mi nílé Bàbá, òun àti Bọ́sẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó wo ilé yíká, ó na ìka sí ilẹ̀kùn Bàbá.

"Bọ̀dá, yàrá yẹn ńkọ́?"

Mo ní eku pọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò bẹ̀rù eku. Mo ní òrùlé ń jò. Ó ní òun ti wò ó láti ìta, kò jò. Mo ní Bàbá wà níbẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe bàbá tèmi náà ni? Ẹ jẹ́ á lọ kí wọn."

Mo ní àṣẹ ibẹ̀ kò sí lọ́wọ́ èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Àlàájà tó ń ta aṣọ ní Ìkirè, ló láṣẹ ilé. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó bi wọ́n bóyá orí Bàbá ni wọ́n fẹ́ máa na ẹsẹ̀ sí. Rísíkà kúnlẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun gan-an nìyẹn, pé kí òun ya ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tòun á máa sùn, tí wọ́n á tún máa ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan náà. Gbogbo nǹkan á máa ká, á máa ṣí. Bí ọjọ́ àdúà bá pé, yàrá á ṣófo bí àtẹ́lẹwọ́. Àlàájà ronú títí, ó gbà. Àmọ́ ó ní bí òun bá rí igi kan ṣoṣo níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á kó jáde lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ bá dọ́wọ́ èmi káfíńtà. Rísíkà ti ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: bẹ́ẹ̀dì méjì tó ń ká, àpótí ìjókòó tó ń wọnú ara wọn bí abọ́, àti pátákó fífẹ̀ kan tó máa jẹ́ tábìlì, tí a ó fi hínjì kàn mọ́ ògiri. Bí wọn ò bá lò ó, wọ́n á jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ó ní kí n wá wọn yàrá. Ọ̀sán gangan ni o! Ilẹ̀kùn ṣí, fèrèsé ṣí. Èmi Gàní, bàbá ọmọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, mo ju téèpù sínú yàrá. Rísíkà di orí téèpù mú.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bọ̀dá, ẹ ò wọlé ni?"

Mo ní káfíńtà tó mọṣẹ́, ojú ló fi ń wọn nǹkan. Ojú wo? Mi ò tiẹ̀ wo apá ibi tí sàréè wà! Àwọn ọmọ yẹn náà ló de pátákó mọ́ ògiri, èmi ń pàṣẹ láti ìta bí ọ̀gá sójà.

Ó sì dára. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi sùn, tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ ìwé sórí pátákó yẹn, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ọjọ́ àdúà pé. Bẹ́ẹ̀dì ká, a gbé e síta. Àpótí wọnú ara wọn. Rísíkà tú ìwé rẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kí pátákó máa sọ̀ kalẹ̀. Gbàgà! Ó há. Orí sìmẹ́ǹtì sàréè ló gbá. Sàréè fi nǹkan bí ìka mẹ́rin ga ju ilẹ̀ lọ, èmi tí mo wọn yàrá láti ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ nìkan ni mo wọ̀n!

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Àlàájà ti ń dún níta, pẹ̀lú dòdò Ìkirè tó rà wá fún àwọn ááfà. Rísíkà wò mí. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ayùn wo ló gùn tó kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà lò ó? Mo ṣe bisimílà, mo wọlé. Kò sí ibi tí mo lè kúnlẹ̀ sí rẹ́ pátákó yẹn àfi orí sàréè gan-an. Mo kúnlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà tutù. Mo rò pé ẹ̀rù á pa mí, ẹkún ló dé. Mo ń rẹ́ igi, mo ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé: "Bàbá, ẹ má bínú. Ìwé tẹ́ ẹ ní kí n kà, mi ò kà á. Àwọn ọmọ yìí ń kà á. Èmi ni mo kan tábìlì fún wọn."

Nígbà tí mo gbójú sókè, Àlàájà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní ó ti parí fún wa. Àmọ́ kò pariwo. Ó wọlé, ó gba ìwé lọ́wọ́ Rísíkà, ó bi í ohun tó wà nínú rẹ̀. Rísíkà ń fi ìka tọ́ka: ibi tí wọ́n á sùn rèé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa ya àwòrán, ògiri yìí á máa ṣí bí wọ́n bá pọ̀.

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tuntun lẹ pe eléyìí? Nínú yàrá yìí, láàárọ̀, Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Lọ́sàn-án, kòkó là ń dà sí i. Lálẹ́, a tẹ́ ẹní, àwọn lébìrà tó wá láti Òkè Ọya sùn. Ilẹ̀ á mọ́, a ká ẹní. Ẹ̀yin kàn wá ya tiyín sínú ìwé ni!"

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà, gbé ayùn sílẹ̀. Bàbá bínú sí ẹ rí ni? Àga tó o kọ́kọ́ kàn, tó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ta ló ń jókòó sórí ẹ̀ títí tó fi kú?"

Mo mọ àga náà. Mo ti rò pé nítorí kò sí àga mìíràn ni wọ́n ṣe ń jókòó sí i.

Àlàájà ní kí wọ́n gbé pátákó padà sókè, kí wọ́n tẹ́ ìwé sórí ẹ̀. Nígbà tí àwọn ááfà dé, wọ́n jókòó yí sàréè ká, àgbà wọn gbé Àlùkùránì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Rísíkà, ó sì ṣe àdúà fún ọmọ náà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwọn òkú wa kì í bá wa du àyè. Ẹ̀rù wa ló ń dù ú. Bí èmi bá tètè wọlé ni, ǹ bá ti mọ̀ pé Bàbá ti dárí jì mí kó tó kú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ilẹ̀kùn kan wà nílé yín tí ẹ ò fẹ́ ṣí tẹ́lẹ̀? Ta ló ṣí i fún yín, kí lẹ sì bá níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa kà á. Ẹ má tijú, ẹ̀rù tiyín kò lè ju tèmi lọ!